Láìmù Tí Mo Fi Kun Orí Ibojì Bàbá

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jí mi ní òwúrọ̀ yìí, tó sì jẹ́ kí n ka Sáàmù mi láìbẹ ẹnikẹ́ni kí ó bá mi kà á. Mo dúpẹ́ nítorí àwọn olùkọ́ ilé ìwé ìjọ tí wọ́n fi ìfẹ́ àti pàṣán kọ́ mi títí mo fi di olùkọ́ fúnra mi. Mo dúpẹ́ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ mi tí Ọlọ́run fi ojú fò, mo sì dúpẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí ọ̀kan tí kò fojú fò. Bí ó bá jẹ́ kí n gbé èyíinì mì, ìbá ti bà mí jẹ́ pátápátá. Òun ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ tí wọ́n sì fi Àkúrẹ́ ṣe olú-ìlú, ọkọ mi wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n kó fáìlì wọn wá láti Ìbàdàn. Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí, nítorí náà ó dùn mọ́ mi. A gba yàrá méjì lẹ́bàá Arákàlẹ̀, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ìwé kejì. Ọmọ Oǹdó ni ọkọ mi, àkọ́bí ìyá rẹ̀. Nílé wọn, èmi ni ìyálé gbogbo aya tó bá wọlé lẹ́yìn mi.

Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ń ta láìmù tí wọ́n fi ń kun ògiri ní funfun. Bí òkúta funfun ni ó ṣe ń dé látọ̀dọ̀ àwọn onílọ́rì, nínú àgbá. Kòtò kan wà lẹ́yìn ilé tí bàbá ọkọ mi fi òkúta tẹ́ kí ó tó kú. Màmá á kọ́kọ́ pọn omi sínú kòtò, á wá máa ju láìmù sínú omi náà díẹ̀díẹ̀. Omi á bẹ̀rẹ̀ sí í hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, èéfín á máa rú, òkúta náà á sì tú di ohun tó dà bí ògì. Lẹ́yìn náà, á bomi lé e lórí, á fi páànù bò ó, kò sì ní fọwọ́ kàn án fún oṣù kan ó lé. Ó máa ń sọ pé, "Láìmù tí kò bá sùn nínú kòtò, ara ògiri ni yóò ti jí."

Ta ni kì í wá ra láìmù Màmá? Àwọn tó fẹ́ kun ilé kí Kérésìmesì tó dé ń wá. Àwọn tí ṣáláńgá wọn ń rùn ń wá. Àwọn tí iná ara ń yọ adìyẹ wọn lẹ́nu máa ń rà á láti fi kun inú ilé adìyẹ. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ló pọ̀ jù, nítorí nígbà náà, òògùn kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró ni wọ́n ń fín sára kòkó kí èso rẹ̀ má baà dúdú kí ó sì jẹrà nígbà òjò. Wọn kò gbọ́dọ̀ fín òògùn náà lásán. Láìmù ni wọ́n ń pò mọ́ ọn. Bí láìmù kò bá tó, ewé kòkó á jóná bí ẹni pé wọ́n da omi gbígbóná sí i.

Lọ́dún tí mo wọlé, Màmá gbé igi tí ó fi ń ro láìmù fún mi. Mo rò ó bí ẹni ń ro àmàlà. Ó ta sí aṣọ mi, ó ta sí aṣọ tirẹ̀ náà. Ó rọra gba igi lọ́wọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyàwó mi, ìwé ni ọwọ́ tìrẹ mọ̀." Mo mọ̀ nísinsìnyí pé ó fi yìn mí ni. Lọ́jọ́ náà, bí ẹni pé ó tì mí síta ni.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, àbúrò ọkọ mi gbé ìyàwó tirẹ̀ wálé, ọmọ ìhà Òkìtìpupa. Ìwé kẹrin ni ó kà dé. Màmá gbé igi kan náà fún un, kò sì gbà á padà mọ́. Láàárín ọdún méjì, òun ló ń da láìmù sómi, òun ló ń mọ ìgbà tí ó ti sùn tó, òun ni àwọn àgbẹ̀ ń béèrè. Bí a bá ti Àkúrẹ́ dé, tí mo kúnlẹ̀ kí Màmá, tí ó sì súre fún mi tán, ọ̀rọ̀ ìyàwó kékeré ló máa ń tẹ̀ lé e. "Ìyàwó kékeré rò ó, ó dà bí mílíìkì." "Ìyàwó kékeré ló sọ pé kí a gbé páànù kúrò." Èmi tí mo ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́, tí mo ń ka ẹ̀kọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì, màá jókòó, màá máa jowú obìnrin tí kò lè ka orúkọ ara rẹ̀ láìkọsẹ̀. Mo ń gbàdúrà kí Ọlọ́run mú owú náà kúrò. Bí mo bá ti ṣe àmín tán, mo tún ń tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí ó jẹ́ tèmi. Ní ilé ọkọ mi, Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde ni àwọn aya ilé máa ń kun ibojì bàbá ọkọ mi ní láìmù, kí gbogbo ẹbí lè lọ gbàdúrà níbẹ̀ lẹ́yìn ìsìn Sọ́ńdè. Ìyálé ló máa ń kun orí ibojì, níbi tí àgbélébùú wà. Àwọn ìyàwó tó kù á kun ìyókù. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ní àárín Lẹ́ńtì, àbúrò ọkọ mi dé sí Àkúrẹ́, ó ní Màmá ní kí ìyàwó òun kun gbogbo rẹ̀.

Mo ní, "Àtorí kí ni?"

Ó ní, "Ẹ má bínú, ìyàwó wa. Orí ibojì ló ti sán. Màmá ní iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni."

Ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ náà bá mi lọ sí ilé ìwé, ó bá mi dé ìdí ààrò, ó bá mi kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ mímọ́, mo ra àpò láìmù kékeré kan ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Arákàlẹ̀. Mo dà á sínú garawa lẹ́yìn ilé. Mo ti rí bí Màmá ti ń ṣe é nígbà àìmọye, síbẹ̀ nítorí ìwàǹwára, omi ni mo dà lé láìmù lórí dípò kí n da láìmù sínú omi. Ó bú sókè. Ó ta sí mi lọ́rùn ọwọ́, ó sì bó mi níbẹ̀ kíákíá. Bí mo ti ń ṣan ọwọ́ sínú omi, tí mò ń jó lórí ẹsẹ̀ kan, aládùúgbò mi yọjú lójú fèrèsé.

"Ìyá Ìbejì, kí lẹ ń sè láìdáná yẹn?"

"Oúnjẹ ìyá ọkọ mi ni."

"Yéè! Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má jẹ ẹ́ o!"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọwọ́ ń ta mí. Nígbà tí ó tutù, mo da búlúù tí a fi ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun sí i díẹ̀, kí ó lè tàn ju ti Màmá lọ. Kóró pọ̀ nínú rẹ̀ tí kò tíì tú. Mo sọ fún ara mi pé yóò tú kó tó di Sátidé.

Nígbà tí ó di Sátidé, a ti wà ní Oǹdó. Màmá kò lè rìn jìnnà nítorí eékún, èmi àti ìyàwó kékeré la jọ lọ. Ó ru garawa láìmù lórí, ó mú búrọ́ọ̀ṣì àti iyọ̀ dání. Iyọ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ ọn kí ó má baà máa ṣí mọ́ aṣọ èèyàn. Èmi gbé báàgì mi kọ́ èjìká. Inú rẹ̀ ni ike láìmù tèmi wà.

A dé ibẹ̀. Ó fi aṣọ rẹ̀ nu ojú òkúta kan fún mi.

"Ìyálé mi, ẹ jókòó. Ẹ máa kọrin fún mi kí n máa kùn ún."

"Èmi ni kí n máa kọrin? Ṣé mo ti darúgbó tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Háà, ẹ̀yin kọ́! Aṣọ yín ló jẹ́ aṣọ Àkúrẹ́. Bí láìmù bá kàn án, ẹ ó ní 'ulé ọkọ mi ló bà á jẹ́.'" Ó fi ohùn tèmi sọ ọ́, bí àwa ará Àkúrẹ́ ti ń pe ilé ní ulé. Ó rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé eré ni. Ìyẹn kò dín owú mi kù.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ó ń fi èyí tó ki dí ojú sísán, ó sì ń fi èyí tó ṣàn kun orí rẹ̀. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Kò yára, kò sì dúró. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ní ìkọ̀wé, mo mọ ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ bí mo bá rí i, ohun tó sì bí mi nínú jù nìyẹn. Kí ó tó dé orí, èyí tó ki tán. Ó ní òun ń lọ bù sí i nílé, òun ń bọ̀.

Kò tíì yà níbi ìkòríta tí mo ti yọ ike jáde. Mo fi ìka mi ki láìmù tèmi bọ ojú sísán tó wà ní orí ibojì, lábẹ́ àgbélébùú, mo sì fi ọwọ́ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Ó funfun, ó tàn. Mo ní, ẹni tó mọ̀ ọ́n, ṣé o rí i?

Nígbà tí ó padà, ó dúró, ó wò ó.

"Ìyálé mi, níbo lẹ ti rí èyí?"

"Láti Àkúrẹ́ ni."

"Ṣé ó ti sùn?"

Ìbéèrè yìí ni Ọlọ́run fi ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Mo tì í. Mo ní, "Ó lé lóṣù kan."

Ó wo ojú mi. Ìyálé rẹ̀ ni mí, olùkọ́ ni mí. Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà," ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì kun orí rẹ̀ mọ́ ìyókù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, gbogbo ẹbí tẹ̀ lé àlùfáà lọ síbẹ̀, Màmá sì fara ti ọkọ mi rìn. Láti ìdí títí dé àyà, ibojì náà funfun bí ẹyin. Ní orí, ara rẹ̀ rí págunpàgun bí ara ọ̀pọ̀lọ́. Àwọn kóró tí kò tú ti mu omi òjò, wọ́n ti wú, wọ́n ti bú, wọ́n sì ti ti sìmẹ́ńtì àtijọ́ kúrò lábẹ́ àgbélébùú. Ègé kan já bọ́ bí a ti ń kọrin. Àlùfáà gbàdúrà kúkúrú.

Nígbà tí a délé, Màmá pe ìyàwó kékeré sí pálọ̀ níwájú gbogbo wa. Ohùn Oǹdó ni ó fi sọ ọ́. Mo kọ ọ́ bí wọ́n ti ń kọ ọ́ nínú ìwé.

"Láìmù wo lo gbé lọ sí orí ọkọ mi?"

Ìyàwó kékeré kúnlẹ̀. Ó gbójú sókè sí mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ní ilé yẹn, ìyàwó kì í tú ìyálé rẹ̀ fó láwùjọ.

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Mo fi iṣẹ́ lé ọ lọ́wọ́, o kánjú. Bí o bá lè kánjú lórí òkú, kí lo máa ṣe sí kòkó àwọn olóko? Má fọwọ́ kan kòtò yẹn mọ́." Ó yíjú sí mi. "Ìyàwó mi, ìwọ ni mo fi kòtò lé lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ ìsinmi ilé ìwé nìkan lo ń wá, ó tó. Lọ́la, màá fi hàn ọ́."

N kò ní purọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Ó dùn mọ́ mi. Mo jẹ ìrẹsì àti adìyẹ, mo béèrè pé kí wọ́n bù kún un fún mi. Ìyàwó kékeré ló bù ú fún mi. Kò fún mi ní èyí tó kéré. Mo fẹ́ gbàdúrà lọ́sàn-án, mo dé "dárí gbèsè wa jì wá," n kò lè kọjá ibẹ̀. Mo dìde, mo ní oorun ló ń kùn mí.

Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, Màmá mú mi lọ sídìí kòtò. Ó ń fi hàn mí bí wọ́n ti ń bù ú láìrú ìsàlẹ̀ rẹ̀ nígbà tí àgbẹ̀ kan dé pẹ̀lú òògùn kòkó rẹ̀ nínú garawa onírọ́bà. Ó fẹ́ kí wọ́n bá òun pò ó kí òun tó lọ sóko.

Ó wò yíká. "Ìyàwó dà?"

Màmá ní, "Èyí ni yóò pò ó. Ìyálé rẹ̀ ni."

"Olùkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, gbogbo oko mi ló wà nínú garawa yìí o. Kì í ṣe ìwé la fẹ́ kọ."

Ara mi gbóná. Mo bu láìmù sí i, mo rò ó. Màmá na ọ̀bẹ kan tó mọ́ sí mi, ó ní kí n tì í bọ̀ ọ́. Mo tì í bọ̀ ọ́, mo yọ ọ́. Ojú ọ̀bẹ náà pọ́n díẹ̀ bí epo tí wọ́n fọwọ́ pa. N kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ojú Màmá kò ríran dáadáa mọ́, ó ní, "Ṣé ó ti tó?" Mo rò pé bí mo bá béèrè, wọ́n á mọ̀ pé n kò mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Ó ti tó, Màmá."

Àgbẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti gbé e.

"Kò tíì tó!" Ìyàwó kékeré ni. Ó ń fọ abọ́ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó sì ti dìde, ọṣẹ lọ́wọ́. "Ìyálé mi, ọ̀bẹ ṣì pọ́n. Bí ó bá pọ́n, láìmù kò tó. Ẹ bù sí i títí ọ̀bẹ á fi jáde bó ṣe wọlé. Ewé rẹ̀ á jóná o!"

Ó lè dákẹ́. Bí ó bá dákẹ́, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ọjà Oǹdó ni ìbá ti gbọ́ irú ọwọ́ tí mo ní, òun ìbá sì gba kòtò rẹ̀ padà. Èmi dákẹ́ nígbà tí ó kúnlẹ̀. Òun kò lè dákẹ́ nítorí kòkó ẹni tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀.

Mo ju ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ síwájú Màmá níbi tí ilẹ̀ ti tutù. "Màmá, èmi ni mo ba orí ibojì jẹ́. Láti Àkúrẹ́ ni mo ti gbé láìmù náà wá. Ọjọ́bọ̀ ni mo pò ó. Ó bi mí bóyá ó ti sùn, mo purọ́ fún un."

Àgbẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà rẹ̀.

Màmá kò pariwo. Ó mú ọrùn ọwọ́ mi, ó wo ibi tí ó bó. "Ìdí rẹ̀?"

"Owú ni, Màmá. Gbogbo ìgbà ni ẹ ń pe orúkọ rẹ̀."

Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀. "Mo rò pé inú rẹ yóò dùn ni, pé mo rí ẹni tó ń ràn mí lọ́wọ́." Ó wá le ojú. "Dìde kúrò níwájú mi. Èmi kọ́ lo purọ́ mọ́."

Mo lọ bá ìyàwó kékeré. Mo kúnlẹ̀ fún un, ohun tí ìyálé kì í ṣe. Ó sá sẹ́yìn, ó ń wo Màmá bí ẹni ń wá ìrànlọ́wọ́. Màmá yíjú sápá kan. Mo ní, "Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ó ronú. Ó fi omi ṣan ọṣẹ ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó ní, "Ìyálé mi, ẹ dìde. Àmọ́ n kò tíì dárí jì yín. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀."

Àgbẹ̀ náà ní, "Ó sọ òtítọ́ ṣá," ó sì gbé garawa rẹ̀ lọ síwájú ìyàwó kékeré. Ìyẹn bu láìmù sí i, ó ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́ ní ìgbà mẹ́ta, títí ọ̀bẹ fi mọ́. Màmá kò sọ fún un pé kòtò ti padà di tirẹ̀. Ó kàn na igi sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, èmi nìkan ni mo lọ fi ọkọ́ ha orí ibojì títí dé sìmẹ́ńtì. Nígbà tí mo ṣe tán, ìyàwó kékeré dé pẹ̀lú garawa. Ó na ìka sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Ibẹ̀ yẹn náà ṣì wà." Mo ha ibẹ̀ yẹn náà. Òun ló dí ojú sísán, èmi ló ń pọn omi.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé owú náà lọ lọ́jọ́ yẹn. Bí a bá dé láti Àkúrẹ́, tí Màmá ní "ìyàwó kékeré," ó ṣì máa ń gún mi. Ohun tó yàtọ̀ ni pé n kò tọ́jú rẹ̀ mọ́. Màá ní, Olúwa, ó tún ti dé, màá sì lọ bá a bu omi sí kòtò.

Nígbà Kérésìmesì, a jọ ń bó iṣu. Mo fi ọgbọ́n bi í pé, "Ọ̀rọ̀ Àjíǹde yẹn ńkọ́? Ṣé o ṣì ń ronú lé e?"

Ó ní, "Èwo? Mo ti dárí jì yín láti oṣù kẹjọ."

"Oṣù kẹjọ! O kò sì sọ fún mi?"

"Ẹ kò bi mí." Ó ju èèpo iṣu sí mi lẹ́sẹ̀. "Mo sì rí i pé bí ẹ ti ń bẹ̀rù mi yẹn, ẹ ń pọn omi dáadáa."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Màmá bi wá láti pálọ̀ pé kí ló dé, a ní kò sí nǹkan kan.

Ìwọ tí o ka èyí títí dé ibí, kí Ọlọ́run fún ọ ní ẹni tí yóò sọ òtítọ́ fún ọ láìkórìíra rẹ. Kí ó má jẹ́ kí oore tí ó ṣe fún ẹlòmíràn di ẹ̀gún lójú rẹ. Bí ó bá ti di ẹ̀gún tẹ́lẹ̀, kí ó yọ ọ́ nígbà tí ẹni tí o ṣẹ̀ ṣì wà láàyè láti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ. Kí ilé rẹ tòrò, kí àwọn tó fẹ́ wọ inú rẹ̀ rí ọ̀yàyà bá níbẹ̀. Ní orúkọ Jésù, àmín.